Ọ̀já Tí Mo Dì Mọ́ Ìbàdí Àjọkẹ́

Ní kọ́nà ìkẹyìn pápá ìṣeré kan ní Ìlóra ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan kò gún. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń lọ, apá rẹ̀ ń lọ, ojú rẹ̀ sì le koko bí ó ti máa ń le nígbà tí eré bá ku díẹ̀ kó parí; ṣùgbọ́n agbede-méjì rẹ̀, níbi tí obìnrin ń lọ́ ìró mọ́, ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bí ẹrù tí wọn kò dì dáadáa sẹ́yìn ọ̀kadà. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún wò ó. Kì í ṣe ojú mi ló ń tàn mí.

Ọmọ ọmọ mi ni. Títílọpẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ tí í ṣe oríkì rẹ̀ ni èmi ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Eré irinwó mítà, ìyẹn eré tí wọ́n ń sá yí gbogbo pápá po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni eré tirẹ̀. Láti Fìdítì dé Ìmíní, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò délé. Èmi tí mò ń kọ èyí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì kọ́ ọmọ títí irun mi fi funfun. Mo sọ èyí kí ẹni tí yóò kà á lè mọ̀ pé kì í ṣe aláìmọ̀kan ló ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kàwé ni, ẹni tó sì rò pé kò sí ohun tí ọmọdé lè kọ́ òun mọ́.

Nígbà tó sáré náà tán, ó rìn wá sí ẹ̀bá ọgbà níbi tí mo dúró sí, ó fi ọwọ́ ti ìdí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yìn ń ro mí."

"Níbo lára ẹ̀yìn?"

"Nísàlẹ̀ níbí. Ibi tí ẹ máa ń so ọ̀já mọ́ tí ẹ bá pọnmọ."

Bí ó ti dárúkọ ọ̀já báyìí ni ọgbọ́n dé sí mi. Tàbí kí n sọ pé ohun tí mo pè ní ọgbọ́n ni ó dé sí mi.

Ní agbo ilé tiwa, ọ̀já kì í ṣe aṣọ ìpọnmọ nìkan. Obìnrin tó bá bímọ, wọn a fi omi gbígbóná jó ikùn rẹ̀, wọn a sì fi ọ̀já dì í kí ìdí rẹ̀ lè kó jọ. Obìnrin tó bá fẹ́ ru iṣu láti oko Akínmọ̀ọ́rìn wálé, yóò kọ́kọ́ fún ọ̀já mọ́ ìbàdí. Ìyá mi a máa wí pé obìnrin tí kò bá di ìbàdí, ẹrù ni yóò gbé e ṣubú. Nígbà tí èmi náà ń sáré lọ́mọdé, láìwọ bàtà, ọ̀já ìyá mi ló wà ní ìbàdí mi, mo sì gba ipò kìíní. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀já ló gbà á?

Mo mú ọ̀já náà jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Aláró ni, aṣọ òfì tó fẹ̀ tó sì nípọn, ìyá mi gan-an ló fi í pọ̀n mí. Mo dì í mọ́ Àjọkẹ́ lábẹ́ aṣọ eré rẹ̀, mo fún un pinpin, mo fi orúnkún ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó ta á ní kókó.

"Màmá, mi ò lè mí!"

"Wàá mí tó o bá débi ìparí. Ẹ̀yìn ń ro ọ́ bí?"

Ó yí ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Rárá o. Ó ti lọ."

Ó ti lọ lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnu mi kò sì gbé jẹ́ẹ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé ohun tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá kò rí ṣe, ọ̀já ìyá mi ti ṣe é. Bí oṣù méjì ni ọmọ náà fi ń dì í lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó ń dì í lọ sí kíláàsì pàápàá, nítorí bí ó bá ti tú u báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdúró rẹ̀ a sì rọ̀ bí aṣọ tí kò jẹ sítáàsì. Mo rí i. Èsì tí mo ní fún un ni pé kí a túbọ̀ fún un.

Ọjọ́ ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ dé. Pápá kan náà ní Ìlóra ni. Àjọkẹ́ wà níwájú títí dé kọ́nà ìkẹyìn. Kò sí ẹni tó fara kàn án, kò kọsẹ̀, kò tẹ òkúta. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kanlẹ̀, orúnkún náà wọnú, mo sì gbọ́ ìró kan láti ibi tí mo dúró sí, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ. Ó lè jẹ́ pé n kò gbọ́ ọ rárá, ó lè jẹ́ pé òun ló sọ fún mi lẹ́yìn náà tí mo fi rò pé mo gbọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé kò ké. Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó di orúnkún náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Kí a tó padà délé ní Fìdítì, orúnkún náà ti tóbi ju ìkúùkù mi méjèèjì lọ.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ni a gbé e lọ. Ẹni tó bá ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì irú ibẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ènìyàn á dé ní kùtù hàì, á bá ogójì ènìyàn níwájú, á gba káàdì, á dúró. Wọn á pe orúkọ tó jọ tirẹ̀, á dìde, á tún jókòó. Àjọkẹ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí itan mi. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ní láti yà fún ẹsẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì yà ní láti bi wá léèrè. Obìnrin kan ní eré sísá ò dára fún ilé ọmọ. Mo ní kí ó bi ìyá ìyá mi tó bí mẹ́jọ, tó sì ń lé ewúrẹ́ títí ó fi kú.

Nígbà tó kàn wá, dókítà ṣàlàyé fún wa dáadáa. Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà fi hàn pé eegun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán eegun kì í fi gbogbo nǹkan hàn. Nínú orúnkún, àwọn okùn kan wà tí wọ́n so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, kí ọ̀kan má baà yọ̀ lórí èkejì. Okùn ìdè-eegun ni kí ẹ jẹ́ ká pè wọ́n. Èyí tó dábùú ní àárín gbùngbùn ni ó ya fún Àjọkẹ́. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán ẹran-ara ló fi í hàn lọ́jọ́ tí a padà lọ. Kò já tán. Apá kan ya, apá kan kù. Dókítà ní òun kò ní tíì fi ọ̀bẹ kàn án. Ìtọ́jú nípa ìdárayá, lọ́dọ̀ àwọn tí a ń pè ní físíò, ni yóò kọ́kọ́ gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí orúnkún bá ṣì ń yẹ̀ lẹ́yìn náà, a ó wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

"Màmá," ni ó wí fún mi jẹ́jẹ́, "ẹ má tíì gbàdúrà eré sísá. Ẹ gbàdúrà kó lè sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ láìdi ògiri mú."

"Dókítà, méjèèjì ni a ó jọ gbà. Ọlọ́run tí mo mọ̀ kò ní kí n yan ọ̀kan."

Nígbà tí wíwú náà lọ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ físíò. Ọmọbìnrin kan ni, kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Ó ní kí Àjọkẹ́ dùbúlẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró. Ìlà dúdú kan yí ìbàdí ọmọ náà ká, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin.

"Kí ló fa ìlà yìí?"

Àjọkẹ́ kọjú sí ògiri. "Rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì mi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wò ó. Ọmọ tí mo dá lóró ni ó ń purọ́ kí ojú má baà tì mí. Mo lè dákẹ́. Àgbàlagbà ni mí, aṣọ funfun ni mo wọ̀, kò sí ẹni tí yóò bi mí. Mo dìde lórí àga.

"Irọ́ ni. Ọ̀já ni. Èmi ni mo ń dì í mọ́ ọn."

Físíò kò bú mi. Ó béèrè bí ó ti pẹ́ tó, mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí Àjọkẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró, ẹsẹ̀ tó dára, kí ó ká apá mọ́ àyà, kí ó di ojú. Kó tó ka ení, èjì, ẹ̀ta tán, ọmọ tó ń fi gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afíjió sẹ́yìn ti fọwọ́ gbá ògiri mú. Ó ní kí ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kí ó fi ìgúnpá méjèèjì àti orúnkún gbé ara sókè kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ bí pákó. Ó gbé e dáadáa. Àmọ́ kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì, tí ìdí rẹ̀ sì rì.

"Ṣé ẹ rí i, Màmá? Agbára wà níbẹ̀. Ìfaradà ni kò sí. Iṣan ló yí wa ká láti abẹ́ ìhà títí dé ìdí: ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn, àtèyí tó tẹ́ sísàlẹ̀ ikùn bí ẹní. Àwọn ló ń mú ìbàdí dúró kí ẹsẹ̀ tó rí ibi tì. Tí wọ́n bá rẹ̀, ìbàdí á yẹ̀. Tí ìbàdí bá yẹ̀, orúnkún á wọnú. Orúnkún lẹ ń rí, kì í ṣòun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

"Àmùrè tí Ọlọ́run dì mọ́ wa láti inú wá nìyẹn," ni mo wí.

"Ẹ ti bá mi sọ ọ́ tán, mà."

Nítorí náà ni ìbàdí rẹ̀ fi ń dúró dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ eré tó sì ń fì ní kọ́nà ìkẹyìn. Ó rẹ̀ ẹ́ láti àárín wá. Mo wá gbé àmùrè mìíràn lé ti Ọlọ́run lórí, ti inú sì di ọ̀lẹ, bí ìránṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń bá ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo bi físíò ní tààrà bóyá ọ̀já mi ló ya orúnkún ọmọ. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀; àwọn ọmọbìnrin tí kò di ọ̀já rí ń fara pa báyìí pẹ̀lú, pàápàá bí ìbàdí obìnrin ti gbòòrò tí orúnkún rẹ̀ sì máa ń fẹ́ wọnú. Ohun tó dá a lójú ni pé ẹ̀yìn tó ń ro Àjọkẹ́ jẹ́ oníṣẹ́ tí ara rán sí wa. Èmi sì ni mo fi aṣọ dí oníṣẹ́ lẹ́nu. N kò mọ èyí tó wúwo jù nínú ẹ̀bi méjèèjì. Mo gba méjèèjì.

Àjọkẹ́ dìde jókòó lórí ẹní. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan, ká rí i."

Mo bọ́ bàtà mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Físíò kà á dé ogún, n kò mì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Físíò bi mí pé iṣẹ́ kí ni mo ṣe ní kékeré, mo ní àtẹ ọsàn ni mo rù, láti oko dé ẹ̀bá títì, mo sì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láìfọwọ́ mú un. Ó mi orí, ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìjà ń dúró dè wá. Délé, ọmọ mi, tí í ṣe bàbá Àjọkẹ́, ti pinnu.

"Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọmọbìnrin tó ń tiro, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

"Délé, nígbà tí o lọ tọrọ ìyàwó rẹ, orúnkún rẹ̀ ni o kọ́kọ́ wò?"

Ìyàwó rẹ̀ tó ń bó gbáàgúdá lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bi í dáadáa, Màmá."

"Mi ò bá yín ṣeré o," ni Délé wí.

"Èmi náà kò ṣeré. Kí ni wọ́n fi ń tẹ màṣíìnì aránṣọ, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ náà ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ọsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná báyìí. Fún mi láyè títí ọsàn yóò fi pọ́n. Bí kò bá lè sáré nígbà náà, èmi fúnra mi ni n ó ru màṣíìnì náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo mí. Ó gbà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi igi ọsàn ka oṣù.

Ìyá Ràfíà, aládùúgbò wa tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì, ni ó kàn. Ó wá kí wa, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ta ọmọ yín lọ́fà ni? Ayé ò fẹ́ ẹni tó ń ta wọ́n yọ."

"Ìyá Ràfíà, mo mọ ẹni tó ta á."

Ó sún mọ́ mi. "Ta ni?"

"Èmi ni. Ọ̀já ni ọfà náà. Ẹ lọ sọ fún gbogbo àwọn tó ń wá ọ̀tá kiri pé mo ti jẹ́wọ́."

Ó ya ẹnu, kò rí i pa dé. Lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún mú ọ̀rọ̀ ọfà wọlé wá.

Iṣẹ́ náà kò ní ogo kankan nínú. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó le, a ń tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé. Yóò dùbúlẹ̀, yóò ká orúnkún, yóò fa ìdodo wọnú díẹ̀ láìdá èémí dúró, yóò sì gbé ìdí sókè bí afárá. Yóò gbé ara bí pákó, ní ìdojúbolẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́, èmi ni mò ń ka iye. Yóò dúró lẹ́sẹ̀ kan. Nígbà tó yá, a fi tìmùtìmù sábẹ́ ẹsẹ̀ náà kí ilẹ̀ má dúró sójú kan. Èmi náà a dúró lẹ́sẹ̀ kan ní iwájú rẹ̀, a ó máa ju ọsàn kékeré tó já bọ́ lórí igi síra wa. Físíò ní kì í ṣe iye ni kí a máa lé. Bí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀, kí a dá a dúró, nítorí àṣìṣe tí a tún ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe ni a kọ́ ara. Orúnkún náà a máa ro ó lówùúrọ̀, a máa le bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ rí mi.

Oṣù kẹta ni ó burú jù. Ó ń sọ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, orúnkún náà yẹ̀, ó jókòó gbì sínú omi. Ó ju kẹ́tùlù náà nù.

"Màmá, ẹ bá mi mú ọ̀já yẹn wá."

"Rárá."

"Ẹ dì í fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo kàn fẹ́ rí bí ara mi ṣe rí tí mo bá dúró ṣinṣin ni."

Ọ̀já náà wà nínú àpótí, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí a wà. Ẹ kò mọ bí ọwọ́ mi ti yún mí tó. Ìyá ńlá wo ni ọmọ yóò bẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dìde? Ṣùgbọ́n mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan rí, a sì ti rí ibi tí ó gbé wa dé.

"N kò ní dì í."

"Ẹ̀yin lẹ bà mí jẹ́," ni ó wí, kò pariwo, "ẹ tún wá kọ̀ láti tún mi ṣe."

Mo gbà á. Òótọ́ ni ó sọ. Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹní wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ń wo igi ọsàn, àwọn èso náà tóbi tó ẹyin adìẹ, wọ́n sì ń dàgbà láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ń gbàdúrà nínú yàrá mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìnkùlé: "Ẹẹ́wàá. Ọ̀kànlá. Èjìlá." Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kà á. N kò jáde. Mo parí àdúrà mi.

Nígbà tí orúnkún náà ti le tó láti rìn kánkán, físíò ṣí ìwé tí ó kọ nǹkan sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ àtẹ ọsàn yẹn fún mi." Mo ṣàlàyé: bí ẹrù bá wà lórí tí ọwọ́ kò sì dì í mú, ọrùn kò gbọdọ̀ yẹ̀, ìbàdí kò gbọdọ̀ fì, ẹsẹ̀ gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí a dán an wò, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ òfìfo. Ìyá Ràfíà ló yá wa ní àtẹ. Ohun tí a kò ní ni òṣùká.

Ìgbà náà ni mo lọ ṣí àpótí. Àjọkẹ́ rí ọ̀já lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ yí padà. Mo lọ́ ọ, mo ká a roboto, mo gbé e lé e lórí, mo gbé àtẹ lé e.

"Ibí ni ipò rẹ̀ láti òní lọ," ni mo wí. "Rìn."

Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, ó rìn padà. Lọ́jọ́ kejì, a fi ọsàn mẹ́ta sí i. Wọ́n já bọ́. Ìyá Ràfíà tó ń yọjú lórí ọgbà kígbe pé, "Ẹ wá wò ó o, sárésáré ti di ọlọ́sàn!"

"Ẹ ra ọsàn, ẹ yé pariwo!" ni Àjọkẹ́ dá a lóhùn, láìyí ọrùn.

Mo ka ọsàn mẹ́wàá lórí àtẹ náà, mo ka ogún, títí a fi ń lo èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí igi, tí ara rẹ̀ ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọjọ́ tí a padà lọ sí Ìbàdàn, físíò mú kí ó fo lẹ́sẹ̀ kan, ó wọn ti ọ̀tún, ó wọn ti òsì, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ó lè sáré," ó sì kọjú sí fèrèsé díẹ̀.

Ìlóra náà ni. Pápá náà ni. Kọ́nà náà ni. Délé tẹ̀lé wa, ó dúró pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ọ̀já wà nínú báàgì mi. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé n kò mọ ìdí tí mo fi mú un dání. Ìgbàgbọ́ àgbà a máa ní ìyemèjì kékeré kan tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fọn fèrè. N kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò wo ẹni tó wà níwájú. Ìbàdí rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó wọ kọ́nà ìkẹyìn, mo dá èémí dúró, ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe. Ó yí kọ́nà náà. Ìbàdí náà wà níbi tí Ẹlẹ́dàá so ó mọ́, gbọnin, bí ẹni tó ru àtẹ tí a kò lè rí. Ó ṣe ipò kẹta.

Mo yíjú sí Délé kí n lè gbọ́ ohun tí yóò wí nípa màṣíìnì aránṣọ. Ó ṣì ń wo orí pápá.

"Ó ku ẹni méjì péré níwájú ẹ̀," ni ó wí.

Ẹni tí irú èyí bá bá, tàbí tí ó bá bá ọmọ rẹ̀, kí ó gbọ́ tẹnu mi. Bí ẹ̀yìn bá ń ro eléré ìdárayá, ẹ má wá ohun tí ẹ ó fi dì í kí ẹ tó wá ẹni tí yóò wò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ara obìnrin kò lágbára eré. Ara yìí ń ru oyún, ó ń ru iṣu, ó ń ru ọsàn, a ṣì ń jiyàn lé e lórí bóyá ó lè ru ara rẹ̀ yí pápá kan ká! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó di àmùrè sínú níbi tí ọwọ́ ìyá ńlá tó gbọ́n jù kò lè dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdébìnrin tó kọ́ mi láìbú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ okùn tó ya tí kò já. Orúnkún náà a ṣì máa ro ó bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ara kì í gbàgbé, a kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a fẹ́ kúrò ní pápá, Àjọkẹ́ wá fi bàtà eré rẹ̀ sínú báàgì mi. Ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀já.

"Màmá! Kí lèyí ń wá níbí?"

"Mo fẹ́ fi jókòó ni."

"Ẹ ò jókòó látàárọ̀."

Ó fa ọ̀já náà yọ, ó lọ́ ọ, ó ká a roboto, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó gbé báàgì mi lé e. Ó wá ṣíwájú wa lọ sí ibi tí ọkọ̀ Fìdítì ń dúró sí, ọwọ́ méjèèjì ní títú sílẹ̀, kò sì dì í mú.